Ọjọ́ Tó Dá Wọkọ̀ Lọ sí Oǹdó

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ní orúkọ tó rọrùn láti pè. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa ń sọ pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran bí wọ́n ṣe ń rìn. Àwọn ènìyàn a wò mí, wọ́n a ní, "Ṣé wọn ò mọ ìrìn tẹ́lẹ̀ ni?" Wọ́n mọ̀ ọ́n. Nínú ọgbà ilé-ìwé wa ní Àkúrẹ́, níbi tí àwọn tó ríran àti àwọn tí kò ríran ti jọ ń kàwé, ẹ ó rí àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì kọjá, tí wọ́n ń fo ojú àgbàrá, tí wọ́n ń ṣẹ́rí níbi tí igi wà láìfọwọ́ kàn án. Ẹnu géètì ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Títì ni kíláàsì mi, ọ̀pá funfun ni gègé mi. Ohun tí mo sì ń bá jà jù kì í ṣe ojú tó fọ́. Ibi tó ti mọ́ni lára ni. Ọmọ tó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú ọgbà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, tí oúnjẹ rẹ̀ ń dé lásìkò, kí ló fẹ́ lọ wá ní títì?

Nínú gbogbo àwọn tí mo ti kọ́, ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí, òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Ọmọ Oǹdó ni, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Àìsàn kan ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, kó tó mọ orúkọ àwọ̀. Nígbà tí wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́, ó ku díẹ̀ kó ṣe ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Òun ló máa ń ka ìròyìn fún gbogbo ilé-ìwé láàárọ̀, tí yóò máa fi ìka tẹ̀lé bíréèlì láìkọsẹ̀. Àmọ́ ọ̀pá funfun tí wọ́n fún un, abẹ́ ibùsùn ló wà, ní kíká, pẹ̀lú ọ̀rá lára rẹ̀. Bí táàmù bá parí, ìyá rẹ̀ á wá láti Oǹdó, á di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ẹnu géètì, kò sì ní í tú u sílẹ̀ títí wọn yóò fi dé inú ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń padà.

Mo pè é sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ilé-ìwé.

"Ó ti tó àkókò kí a bọ́ sí títì," ni mo sọ fún un.

"Kí ló wà ní títì, mà?"

"Gbogbo ibi tí o fẹ́ lọ láyé, títì ni wọ́n ń gbà débẹ̀."

"Kò sí ibi tí mo fẹ́ lọ, mà."

"Ìwọ lo sọ lọ́jọ́sí pé lọ́yà lo fẹ́ dà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ni yóò máa fa lọ́yà lọ́wọ́ lọ sí kóòtù?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn lọ́yà ní dírẹ́bà, mà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu. Mo ní kó lọ mú ọ̀pá rẹ̀ wá. Ó lọ, ó sì pẹ́ kó tó padà dé. Nígbà tó dé, ọ̀rá ṣì wà lára ọ̀pá náà. Èmi ni mo bó o kúrò.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a jáde, a kò rìn jìnnà. Mo ti kọ́ ọ nínú ọgbà bí ọ̀pá ṣe ń lọ sí òsì bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń bọ̀, bó ṣe ń padà sí ọ̀tún bí ẹsẹ̀ òsì bá ń bọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí a ṣe kọjá géètì báyìí, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ọ̀kadà kan sáré kọjá, ó fọn fèrè, ọmọ yìí sì di aṣọ mi mú. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo rọra yọ ìka rẹ̀ kúrò lára aṣọ mi, mo sì sún sẹ́yìn.

"Àǹtí, níbo lẹ wà?"

"Mo wà nítòsí."

"Ẹ wá di ọwọ́ mi mú."

"Rárá."

Ó dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí bí ìkà. Ìyá àgbà kan dúró, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o kò rí i pé ojú ọmọ yìí fọ́ ni?" Mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọ náà na ọ̀pá rẹ̀, ó kan ilẹ̀, ó wá etí gọ́tà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e padà sí géètì. Ó bínú débi pé kò kí mi kó tó wọlé. Lọ́jọ́ kejì, mo tún dúró dè é níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ní ọjọ́ mìíràn yóò ní orí ń fọ́ òun. Ní ọjọ́ mìíràn yóò ní òun ní iṣẹ́ àṣetiléwá tó pọ̀. Mo máa ń ní kó lo oògùn kó sì máa bọ̀, tàbí kó gbé iṣẹ́ náà lọ́wọ́, a ó ṣe é lójú ọ̀nà. Díẹ̀díẹ̀, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata nítorí ariwo ẹ̀rọ, ó mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta bébà nítorí òórùn rẹ̀. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù ni àwọn ènìyàn. Bó bá dúró láti gbọ́ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀, ẹnì kan yóò kàn gbá a lápá mú, yóò wọ́ ọ sọdá títì tí kò fẹ́ sọdá, yóò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Nígbà náà ni yóò tó wá máa ronú bí yóò ṣe padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì, obìnrin náà nawọ́, ó fi owó sí i lọ́wọ́. Ó ní, "Gbà, ọmọ mi, Ọlọ́run á là ọ́ lójú." Ọmọ yìí di owó náà mú, ó yíjú padà, ó sì rìn lọ sílé-ìwé ní ìrìn tó yára jù tí mo tíì rí i pé ó rìn. Nígbà tí mo bá a, ó ti jókòó sórí ibùsùn.

"Mo sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan ní títì," ló wí. "Nínú ọgbà, èmi ni mò ń ka ìròyìn. Níta, alágbe ni mí."

Mo jókòó tì í. Inú èmi náà kò dùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn, ó parí nìyẹn.

"Níbo ni owó náà wà?" ni mo bi í.

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Lọ́la, a ó padà lọ bá obìnrin yẹn. Ìwọ lo ó bá a sọ̀rọ̀."

"Mi ò lọ."

"A ó lọ."

A lọ. Mo dúró lẹ́yìn níbi tí obìnrin náà kò ti lè fiyè sí mi. Ọmọ náà fi ọ̀pá wá ojú gọ́tà, ó tẹ̀ lé òórùn èédú dé ibẹ̀. Ó kí i dáadáa, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì nawọ́.

"Mà, ẹ fún mi lówó yìí lánàá. Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n mi ò tọrọ owó. Ọmọ ilé-ìwé ni mí, ìrìn ni mò ń kọ́. Ẹ gba owó yín, kí ẹ wá ta bọ̀ọ̀lì fún mi. Mo ní owó tèmi."

Obìnrin náà ń wò ó. Ó gba owó rẹ̀, ó kó bọ̀ọ̀lì sínú bébà, ó sì mú òmíràn lé e.

"Kí nìyẹn?" ni ọmọ náà bi í, nítorí ó gbọ́ bí bébà ṣe ń dún.

"Mo fi ṣe ènì fún ọ ni."

"Bó bá jẹ́ ènì ni, mo gbà. Bó bá jẹ́ sàárà ni, mi ò gbà."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ènì ni, ọmọ mi. Ṣé gbogbo oníbàárà mi kọ́ ni mò ń fún lénì ni?" Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí i lókèèrè, yóò máa pariwo pé, "Lọ́yà, ṣé o ò ní í rà lónìí ni?" Gbogbo àwọn tó wà ládùúgbò yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní lọ́yà. Kò sí ẹni tó tún wọ́ ọ sọdá mọ́.

Ó ku oṣù kan kí táàmù parí nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan láti Oǹdó ló kọjá ní Àkúrẹ́, tó rí ọmọ náà nìkan lẹ́bàá títì pẹ̀lú ọ̀pá, ó sì lọ sọ fún un. Onídìrí ni ìyá yìí, obìnrin kúkúrú tí kì í pariwo. Ó wọ ọ́fíìsì mi, ó kí mi, kò sì jókòó.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ ń rán ọmọ mi sí títì."

"Mò ń kọ́ ọ bó ṣe máa dá rìn ni, ìyá."

"Ta ló ní kó dá rìn? Èmi kò tíì kú. Èmi ni ojú rẹ̀. Láti ìgbà tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń ríran fún èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ó rẹ̀ mí rí? Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó rẹ̀ mí?"

Mo sọ àwọn ohun tí mo máa ń sọ fún òbí. Mo sọ pé ó ń lọ sí yunifásítì, pé ìyá rẹ̀ kò lè bá a gbé yàrá níbẹ̀. Mo sọ pé ọjọ́ ń lọ lórí gbogbo wa. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì ní, "Bí ọkọ̀ bá gbá a, ẹ̀yin ni ẹ ó wá bá mi sọ ọ́?" Ọ̀gá ilé-ìwé wa, tó ti wọlé tó ń gbọ́ wa, ní ká dá iṣẹ́ náà dúró ná títí ọkàn ìyá yóò fi balẹ̀.

Ọmọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò pè é wọlé, ṣùgbọ́n ó wọlé.

"Mọ́mì, ẹ má wá mú mi ní òpin táàmù yìí," ló wí.

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "Kí lo wí?"

"Mo ní mà á wá bá yín nílé. Mà á wọkọ̀ ní gáréèjì, mà á sọ̀ kalẹ̀ ní Oǹdó, mà á rìn wá sílé. Àǹtí lè wọ ọkọ̀ kan náà bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní í bá mi sọ̀rọ̀, wọn ò sì ní í fọwọ́ kàn mí. Ẹ̀yin náà, ẹ ò gbọdọ̀ wá sí gáréèjì. Ẹ dúró dè mí nílé. Bí mi ò bá lè ṣe é, mà á dá ọ̀pá padà fún Àǹtí, mi ò sì ní í sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́."

Èmi kò bá a sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ba èmi gan-an, nítorí títì ẹ̀bá ilé-ìwé la mọ̀, a kò tíì dé gáréèjì rí. Ìyá rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ sí èjìká.

"Bí tíṣà yín bá wà nínú ọkọ̀ kan náà," ló wí. "Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ìrìn-àjò kankan."

Oṣù tó kù, a fi í ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń múra ìdánwò. A lọ sí gáréèjì, a dúró níbẹ̀ kó lè gbọ́ bí àwọn tó ń pe èrò ṣe ń pè. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oda nítòsí Àkúrẹ́, a sì padà. Mo ní kó sọ ọ̀nà láti gáréèjì Oǹdó dé ilé wọn fún mi, mo rò pé kò ní í mọ̀ ọ́n, nítorí ìyá rẹ̀ ló ti ń fà á gba ibẹ̀ láti kékeré. Ó sọ ọ́ tán pátápátá: ibi tí wọ́n ti ń la pákó, mọ́ṣáláṣí, ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́, ilé tí wọ́n ti ń sin adìẹ. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń fà á, àmọ́ etí rẹ̀ àti imú rẹ̀ kò sùn.

Ọjọ́ náà pé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ tutù. Ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó jáde ní géètì, mo sì tẹ̀ lé e láti ọ̀ọ́kán bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní gáréèjì, ọmọkùnrin kan já báàgì rẹ̀ gbà, ó ń pariwo pé, "Ọ̀wọ̀ ni, àbí Ìkàrẹ́?" Ó di okùn báàgì mú, ó ní, "Fi báàgì mi sílẹ̀. Oǹdó ni mò ń lọ. Sọ fún mi ibi tí ọkọ̀ Oǹdó wà, kí o sì jẹ́ kí n máa lọ fúnra mi." Ohùn tó fi ń ka ìròyìn ló fi sọ ọ́. Ọmọkùnrin náà jọ̀wọ́ báàgì.

Dírẹ́bà ọkọ̀ Oǹdó kò fẹ́ gbé e.

"Ta ló tẹ̀ lé e?" ló bi gbogbo èrò. Ojú gbogbo wọn ń wá kiri. Mo wo fóònù mi. "Mi ò fẹ́ wàhálà o. Ẹni tí kò ríran kò lè dá wọ ọkọ̀ mi."

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọmọ náà wí, "ẹ̀yin lẹ máa wo títì. Èmi, mà á kàn jókòó ni."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó wà lẹ́yìn ní, "Dírẹ́bà, òótọ́ ló sọ, jẹ́ ká lọ." Dírẹ́bà náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, ó ní kó wọlé síwájú. Èmi jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

A kọjá Òwẹ̀nà dáadáa. Ó fóònù ìyá rẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn, mo gbọ́ tó ní, "Mọ́mì, a ti dé Òwẹ̀nà, àlàáfíà ni." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn balẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, kí a tó dé Bọ́lọ́runduró, ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú ọkọ̀. Dírẹ́bà yà sẹ́bàá títì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì mi orí.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kò lè lọ mọ́. Mà á bá yín dá ọkọ̀ mìíràn dúró."

Oko kòkó ló wà lọ́tùn-ún lósì wa, ewé ṣì ń kán omi sílẹ̀. Gbogbo wa dúró sẹ́bàá títì. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ láti mọ ibi tí ọ̀dà parí sí, ó sì dúró sórí koríko. Kò béèrè mi. Mo dúró sí ìwọ̀n ibi tí mo lè nawọ́ dé bí nǹkan kan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró. Ó ti kún tán, ó ku àyè kan. "Ẹnì kan, Oǹdó," ni dírẹ́bà rẹ̀ wí. Iwájú ọmọ yìí gan-an ló dúró sí. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, ó ti nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ilẹ̀kùn.

"Mo ń lọ, sà."

Ọkùnrin tó wà ní ìdí ọkọ̀ wò ó, ó wo ọ̀pá rẹ̀. "Ta ló tẹ̀ lé ọ?"

"Èmi ni mo tẹ̀ lé ara mi."

Mo la ẹnu. Àdéhùn tí mo bá ìyá rẹ̀ ṣe ni pé a ó jọ wà nínú ọkọ̀ kan. Àdéhùn tí mo bá òun ṣe ni pé mi ò ní í sọ̀rọ̀ àfi bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Mo wo ọkọ̀ náà. Ìyá kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lórí ẹsẹ̀, ọkùnrin méjì tó wọṣọ iṣẹ́ ìjọba. Kò sí ewu níbẹ̀ ju èyí tó wà nínú ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó wá yíjú sí ibi tí àwa tó kù dúró sí, bí ẹni tó ń dágbére fún gbogbo èrò.

"Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn," ló wí, "a ó pàdé nílé."

Ilẹ̀kùn padé. Ọkọ̀ náà lọ.

Mi ò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìyá rẹ̀ fóònù, mi ò sì lè purọ́ fún un. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ bàjẹ́, pé ọmọ ti bá òmíràn lọ, pé èmi wà lẹ́yìn. Mo gbọ́ nǹkan tó jábọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kan ní èdè Oǹdó tí mi ò gbọ́ dáadáa, fóònù sì já. Mo fóònù ọmọ náà. Wọ́n ní fóònù rẹ̀ kò sí lórí ìlà. Mo tún fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Nígbà tí àwa tó kù máa fi rí ọkọ̀ wọ̀, ó dà bí ẹni pé ọjọ́ ti kọjá lọ.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì ní Oǹdó, ìyá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó so aṣọ iṣẹ́ mọ́ àyà, òòyà ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó ti fi oníbàárà kan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti sáré wá. Ó di apá mi mú.

"Ọmọ mi dà?"

"Ṣé kò tíì dé ni?"

"Mo ti bi gbogbo ènìyàn. Mi ò rí i."

Mo sọ fún un pé ká má ṣe máa béèrè ọmọ tí kò ríran, ká béèrè ọmọ tó ní ọ̀pá funfun. Ọkùnrin kan tó ń ja tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu gáréèjì dáhùn lójú ẹsẹ̀. "Ọmọ yẹn? Ó ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Àwọn ọlọ́kadà fẹ́ gbé e, ó ní òun ní ẹsẹ̀."

A tẹ̀ lé ọ̀nà. Ní òdìkejì ìyànà mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà sọ fún wa pé ọmọ náà bi òun bóyá ó ti kọjá mọ́ṣáláṣí. "Ó ti kọjá rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń la pákó kò ṣiṣẹ́ lónìí, kò gbọ́ ariwo wọn. Mo fẹ́ mú un padà, ó ní kí n kàn sọ apá ibi tó máa yà sí fún òun. Mo sọ fún un, ó padà, ó sì yà á." Ìyá rẹ̀ fẹ́ máa sáré. Aṣọ iṣẹ́ ń dí i lẹ́sẹ̀, ó bọ́ ọ, ó ká a mọ́ apá. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́, ó ń sọ fún mi láìwo ojú mi pé, "Bí nǹkan kan bá ṣe é, tíṣà. Bí nǹkan kan bá ṣe é." Mo ní, "Mo gbọ́, ìyá."

Orí pèpéle ilé ló wà. Ilẹ̀kùn tì, nítorí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀ ní apá kan. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mọ́mì, ibo lẹ lọ?" ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo dé. A ṣàdéhùn pé ilé lẹ ó wà."

Ìyá rẹ̀ dúró. Mo rò pé yóò ké, mo rò pé yóò gbá a mọ́ra. Ó kàn wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wo àlejò tó jọ ẹnì kan tó mọ̀.

"Kí ló dé tí fóònù rẹ kò lọ?"

"Mo pa á. Bí mo bá gbé e, ẹ ó ní kí n dúró síbi tí mo wà."

"Ẹsẹ̀ rẹ ń kọ́?"

"Gọ́tà ni. Mo jìn sí i, mo sì jáde."

Ìyá ṣílẹ̀kùn. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí mi, "ulé" la sì máa ń pe ilé níbẹ̀. Ó ṣe mí bákan nígbà tí ìyá yìí di apá mi mú, tó fi èdè tèmi ṣe mí lálejò pé, "Tíṣà, ẹ wọ ulé." Ó gbé iyán àti ẹja wá. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun inú ẹja fún un, ọmọ náà sì jẹ́ kó máa yọ ọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tún rò ó pé ọjọ́ náà ti tó. Ibi tí a ti ń jẹun ni oníbàárà tó fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wá wa dé, ó dì ní apá kan orí, apá kejì rí wúruwùru. Ó bínú wọlé. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó jókòó, ó ní kí ìyá náà parí orí òun níbẹ̀ kí òun lè gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà ti wà ní yunifásítì báyìí, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Kò rọrùn fún un níbẹ̀. Ó ti ṣìnà, wọ́n ti jí ọ̀pá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fóònù mi ní ọjọ́ náà, ó sunkún, kí ó tó bi mí níbi tí òun ti lè ra òmíràn. Ìyá rẹ̀ máa ń fóònù mi, ó máa ń fi ẹjọ́ sùn pé ọmọ kì í wá sílé mọ́ bó ṣe yẹ, pé nígbà gbogbo ló wà ní ìpàdé kan tàbí òmíràn. Mo máa ń ní kó bá a sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a pe ìpàdé àwọn òbí ní ilé-ìwé. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá ti tó ọjọ́ orí yóò máa jáde sí títì, pé kò sí ẹni tí yóò parí ilé-ìwé wa láìdá wọkọ̀ rí. Mo mọ̀ pé wọn yóò yarí. Mo bẹ ìyá yìí pé kó wá láti Oǹdó wá bá mi sọ̀rọ̀. Ó dé, ó dúró níwájú gbogbo wọn, obìnrin kúkúrú tí kì í pariwo, ó di tábìlì mú.

Bàbá kan dìde kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ̀mí mi kò lè gbé e."

"Tèmi náà kò gbé e," ló dá a lóhùn. "Mo kú lẹ́ẹ̀kan ní gáréèjì Oǹdó, lọ́sàn-án gangan, gbogbo ènìyàn ń wò mí. Lẹ́yìn náà mo jí. Ẹ̀yin náà máa jí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ṣì dúró. Ó wo ìyá náà títí, ó wá yíjú sí mi, ó sì bi mí ọjọ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé lọ́la ni, lẹ́yìn ilé-ìwé, bí òjò bá tilẹ̀ ń rọ̀.